Ìwé-Àṣẹ Adójútòfò: Ta Ni Ń Béèrè Rẹ̀?



Bí àlejò kan bá wọ ìlú wa lónìí, tí ó ní òun fẹ́ ilẹ̀ tí òun yóò kọ́ ilé sí, kò sí ìjòyè kan tí yóò fún un ní ilẹ̀ láì kọ́kọ́ bi í pé, "Ọmọ ta ni ọ́? Níbo ni o ti wá? Ta ni ó mọ̀ ọ́?" Bí kò bá rí ẹni ṣe onídùúró rẹ̀, yóò padà lọ bí ó ti wá. Ṣùgbọ́n bí àlejò kan náà bá gbé tábìlì kalẹ̀ lẹ́bàá ọjà, tí ó ta agboòrùn sórí rẹ̀, tí ó sì ń kéde pé òun ń gba owó ìdójútòfò fún ọkọ̀, fún ṣọ́ọ̀bù àti fún ẹ̀mí, a óò kówó wa fún un lójú ẹsẹ̀, a óò gba ìwé tí ó bá fi lé wa lọ́wọ́, a óò sì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ohun ìyanu ni èyí jẹ́ fún mi, nítorí náà ni mo ṣe fẹ́ kí a fi ara balẹ̀ gbé e yẹ̀ wò nínú ìwé wa ti oṣù yìí.

Kí n tó lọ jìnnà, ó yẹ kí n jẹ́wọ́ pé ọ̀rọ̀ náà kàn mí. Ní ọdún 2023, àna mi kan, àgbàlagbà tí ó ti fẹ̀yìntì lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà, ra ọkọ̀ àlòkù kan kí ó lè máa fi kó ẹrù oko wọlé. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ó máa ń dúró níwájú ọ́fíìsì láísẹ́ǹsì bá a ṣe gbogbo pátíkúlà rẹ̀ láàárín wákàtí kan, ìwé ìdójútòfò sì wà nínú wọn. Bàbá gbé ìwé náà tọ̀ mí wá pé kí n bá òun kà á. Mo kà á. Mo rí orúkọ ilé-iṣẹ́, mo rí òǹtẹ̀, mo rí nọ́ḿbà ọkọ̀ àti ọjọ́ tí àkókò rẹ̀ yóò pé, mo ní, "Bàbá, kò sí ohun tí ó kù." Kò pé oṣù mẹ́rin lẹ́yìn náà tí ọkọ̀ náà fi kọlu bíríkìlà kan lórí ọ̀kadà, tí ẹsẹ̀ ọkùnrin náà sì dá. Nígbà tí a gbé ìwé lọ sí ilé-iṣẹ́ tí orúkọ rẹ̀ wà lórí rẹ̀, wọ́n yẹ ìwé àkọsílẹ̀ wọn wò, wọ́n ní àwọn kò gbọ́ nípa ọkọ̀ náà rí, bẹ́ẹ̀ ni ẹni tí ó ta ìwé náà kì í ṣe aṣojú àwọn. A padà sí iwájú ọ́fíìsì láísẹ́ǹsì. Ẹlòmíràn ni a bá ní ìdúró rẹ̀. Bàbá ta ọkọ̀, ó ta apá kan nínú oko kòkó rẹ̀, kí ó tó lè san owó ilé-ìwòsàn bíríkìlà náà tán. Èmi tí mo kàwé, èmi ni mo sọ pé kò sí ohun tí ó kù. Láti ọjọ́ náà ni n kò ti lè fi ojú kékeré wo ọ̀rọ̀ ìwé-àṣẹ mọ́.

Àwọn kan nínú wa a máa sọ pé òyìnbó ni ó kó gbogbo èyí dé, àti pé àwọn baba wa kò nílò ìwé-àṣẹ kankan kí wọ́n tó fọkàn tán ara wọn. Òtítọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ wọn, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo òtítọ́. Ẹ jẹ́ kí a wo èsúsú. Àlùfáà Samuel Johnson kọ nípa rẹ̀ nínú ìwé ìtàn àwọn Yorùbá tí a tẹ̀ jáde ní ọdún 1921, ogún ọdún lẹ́yìn ikú rẹ̀. Àwọn ènìyàn wa tí a kó lẹ́rú sì gbé e sọdá òkun, tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn ará Trinidad fi ń dá a títí di òní, tí wọ́n sì ń pè é ní súsú. Lóòótọ́, èsúsú kì í ṣe ìdójútòfò gan-an, nítorí pé ohun tí o dá sínú rẹ̀ náà ni ìwọ yóò kó, ìbáà ṣe pé òfò ṣe ọ́ tàbí kò ṣe ọ́. Ṣùgbọ́n orí ìgbẹ́kẹ̀lé kan náà ni àwọn méjèèjì dúró lé, pé ẹni tí owó wà lọ́wọ́ rẹ̀ kò ní sá lọ. Kí ni kò sì jẹ́ kí olórí èsúsú sá lọ? Agboolé rẹ̀ ni. A mọ ojúde baba rẹ̀, a mọ ilé tí a ti fẹ́ ìyá rẹ̀, a mọ ibi tí a sin àwọn babańlá rẹ̀ sí. Bí ó bá kó owó ẹgbẹ́ jẹ, a óò fi bú àwọn ọmọ rẹ̀ ní ilé ọkọ. Ìwé-àṣẹ tirẹ̀ nìyẹn, bí a kò tilẹ̀ kọ ọ́ sórí pépà.

Ilé-iṣẹ́ adójútòfò kò ní agboolé. Kò ní ìyá, kò ní àna, kò ní ojúde tí a lè lọ jókòó sí títí yóò fi san gbèsè. Ó lè kú lónìí kí ó sì jí lọ́la pẹ̀lú orúkọ mìíràn. Ìdí nìyí tí ó fi yẹ kí ìjọba ṣe onídùúró rẹ̀, kí ó yẹ àpò rẹ̀ wò, kí ó gba ìdógò lọ́wọ́ rẹ̀, kí ó sì kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ kí ó tó gba kọ́bọ̀ kan lọ́wọ́ ọmọ ènìyàn. Ohun tí agboolé ń ṣe fún olórí èsúsú ni ìwé-àṣẹ ń ṣe fún ilé-iṣẹ́.

Ó pẹ́ kí a tó rí i bẹ́ẹ̀ ní ilẹ̀ yìí. Ọdún 1921 kan náà tí ìwé Johnson jáde ni ilé-iṣẹ́ Royal Exchange Assurance ti Lọ́ńdọ̀nù ṣí ẹ̀ka sí Èkó. Ó sì di ọdún 1961, lẹ́yìn ogójì ọdún gbáko, kí a tó ní òfin àwọn ilé-iṣẹ́ adójútòfò tí ó pàṣẹ pé kí wọ́n wá forúkọ sílẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́ ẹ kíyè sí ohun tí ó ṣẹlẹ̀ láàárín. Ní ọdún 1945, ìjọba òyìnbó ṣe òfin pé dandan ni kí onímọ́tò ní ìdójútòfò ti ẹnìkẹta, èyí tí yóò san ẹ̀san fún ẹni tí ọkọ̀ bá pa lára. Nítorí náà, a ti fi dandan lé ẹni tí ń ra ọjà ní ọdún mẹ́rìndínlógún kí a tó fi dandan lé ẹni tí ń tà á. Èmi gbà pé àbùkù ìpilẹ̀ṣẹ̀ yìí kò tíì kúrò lára wa.

Àwọn òfin mìíràn tẹ̀ lé e ní 1976 àti ní 1997, ọdún tí a fi òfin dá àjọ tí ń ṣàkóso iṣẹ́ adójútòfò sílẹ̀, èyí tí a ń pè ní NAICOM, tí olú-ilé rẹ̀ wà ní Àbújá. Òfin ti ọdún 2003 ni ó wá gbòòrò jù. Ní ọdún 2025, Ààrẹ Bọ́lá Ahmed Tinúbú fọwọ́ sí òfin titun tí ó pa ti 2003 rẹ́, tí ó sì gbé owó ìpìlẹ̀ tí ilé-iṣẹ́ gbọ́dọ̀ ní sókè gidigidi: náírà bílíọ̀nù 10 fún èyí tí ń dójú òfò ẹ̀mí, bílíọ̀nù 15 fún èyí tí ń dójú òfò dúkìá, bílíọ̀nù 35 fún èyí tí ń dójú òfò àwọn adójútòfò fúnra wọn. Oṣù méjìlá ni òfin náà fún wọn láti fi mú un ṣẹ. Kì í ṣe ìgbà àkọ́kọ́ nìyí. Nígbà tí wọ́n gbé owó ìpìlẹ̀ sókè ní 2005, sí bílíọ̀nù 2 fún ti ẹ̀mí àti bílíọ̀nù 3 fún ti dúkìá, àwọn ilé-iṣẹ́ tí ó ju ọgọ́rùn-ún lọ ni wọ́n dín kù sí 49 ní ọdún 2007.

N kò bu ẹnu àtẹ́ lu owó ńlá. Ẹni tí yóò san owó ilé tí ó jóná gbọ́dọ̀ ní owó nílé. Gbogbo wa ni a gbọ́ bí iná ṣe jó ilé ìtajà ní ọjà Balógun ní Èkó ní oṣù kọkànlá ọdún 2019, tí àwọn oníṣòwò sì ń wo ohun ìní ọ̀pọ̀ ọdún bí ó ti ń di eérú. Ṣùgbọ́n bílíọ̀nù tí ó wà ní Àbújá kò lè gba àna mi sílẹ̀, nítorí pé ilé-iṣẹ́ tí owó wà lọ́wọ́ rẹ̀ kọ́ ni ó gba owó rẹ̀. Ẹnu ọ̀nà ọjà ni olè wà, àwa sì ń fi gbogbo ọ̀pá ti ilẹ̀kùn yàrá.

Níhìn-ín ni mo fẹ́ kí ẹ̀yin ìjòyè bá mi dúró díẹ̀, nítorí ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò mọ̀ ni mo fẹ́ sọ. Oríṣi ènìyàn mẹ́ta ni òfin mọ̀ láàárín ilé-iṣẹ́ àti ẹni tí ń ra ìdójútòfò, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni ó sì gbọ́dọ̀ gba ìwé-àṣẹ. Èkíní ni aṣojú, ẹni tí ilé-iṣẹ́ rán jáde láti bá òun tajà. Ó gbọ́dọ̀ ní ìwé ẹ̀rí pé òun mọ iṣẹ́ náà, láti ọwọ́ ẹgbẹ́ àwọn akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ adójútòfò, Chartered Insurance Institute of Nigeria. Èkejì ni alárinà, ẹni tí ó yẹ kí ó jẹ́ ènìyàn olùrà, tí ń bá a wá ilé-iṣẹ́ tí ó dára. Ẹ̀kẹta ni ẹni tí ń díye lé òfò lẹ́yìn tí òfò bá ti ṣẹlẹ̀, tí yóò wo ilé tí ó jó, tí yóò sì sọ pé báyìí ni ó tó.

Kí ni ìwé-àṣẹ mú yàtọ̀ láàárín alárinà tòótọ́ àti ọmọkùnrin tí ó dúró níwájú ọ́fíìsì láísẹ́ǹsì? Òfin 2003 fi ìlànà kan lélẹ̀ pé bí a kò bá tíì san owó, kò sí ìdójútòfò. Kò sí àwìn níbẹ̀. Ṣùgbọ́n òfin kan náà fi kún un pé owó tí a bá san fún alárinà tí ó ní ìwé-àṣẹ, a ó kà á sí owó tí ó ti dé ọwọ́ ilé-iṣẹ́. Ẹ rò ó wò. Bí alárinà tòótọ́ bá gba owó rẹ, tí ó fi fẹ́ ìyàwó, ilé-iṣẹ́ ni yóò máa bá a jà. Ìwọ ti bọ́. Ṣùgbọ́n bí ẹni tí kò ní ìwé-àṣẹ bá gbà á, bí ìgbà tí o sọ ọ́ sínú odò Ògùn ni. Owó kan náà, ọjà kan náà, pépà kan náà lójú ẹni tí kò mọ̀. Pépà kékeré mìíràn tí ìwọ kò béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ ni ó pààlà láàárín ẹni tí a óò gbé dìde àti ẹni tí yóò ta oko rẹ̀.

Ta ni ń béèrè pépà náà? Láti ọjọ́ kìíní oṣù kejì ọdún 2025 ni àwọn ọlọ́pàá ti gbé ìgbésẹ̀ káàkiri orílẹ̀-èdè láti máa béèrè ìwé ìdójútòfò ti ẹnìkẹta lọ́wọ́ àwọn awakọ̀. Owó tí a ń san fún un lórí ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ aládàáni kúrò ní ₦5,000, ó di ₦15,000, láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023. Ìlànà tí ó tọ́ ni, n kò jiyàn. Ṣùgbọ́n bí a ti ń le ẹni tí kò ní ìwé lójú pópó, bẹ́ẹ̀ náà ni ọjà àwọn tí ń ta ayédèrú rẹ̀ yóò máa tà, bí kò bá sí ẹni tí ń le àwọn náà. Awakọ̀ tí ẹ̀rù ọlọ́pàá ń bà kì í wá ẹni tí ó ní ìwé-àṣẹ. Ẹni tí ó súnmọ́ ọn jù lọ ni ó ń wá. Ẹgbẹ́ àwọn ilé-iṣẹ́ adójútòfò ti ṣe àkójọ kan tí wọ́n ń pè ní NIID, níbi tí ẹnikẹ́ni lè fi nọ́ḿbà ọkọ̀ wádìí lórí fóònù bóyá ìwé tí ó rà jẹ́ òótọ́. Iṣẹ́ rere ni. Bí mo bá ti mọ̀ ọ́n ní 2023, àna mi ìbá ṣì ní oko rẹ̀.

Ìjòyè kan tí mo bọ̀wọ̀ fún púpọ̀ dá mi lóhùn nígbà tí mo gbé ọ̀rọ̀ yìí síwájú rẹ̀ pé, "Ọ̀rọ̀ Àbújá ni èyí, kò kan ààfin." Bí a bá wo lẹ́tà òfin, kò ṣìnà, nítorí pé Òfin-Ìpìlẹ̀ ọdún 1999 ka ìdójútòfò mọ́ ohun tí Ilé Aṣòfin Àpapọ̀ nìkan lè ṣòfin lé lórí, gómìnà wa kankan kò lè fún ènìyàn ní ìwé-àṣẹ rẹ̀. Ní Amẹ́ríkà kò rí bẹ́ẹ̀. Lọ́dọ̀ tiwọn, ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ni ó ń fi orúkọ adójútòfò àti alárinà sílẹ̀, òfin kan tí wọ́n ṣe ní 1945 sì fi ọwọ́ sí i pé kí ó máa rí bẹ́ẹ̀; ẹni tí ó ní ìwé-àṣẹ ní New York gbọ́dọ̀ gba òmíràn kí ó tó tajà ní New Jersey. Àwọn ọ̀dọ́ wa kan fẹ́ kí a ṣe bíi tiwọn. Èmi kò tíì gbà pẹ̀lú wọn. Ẹnu ibodè mẹ́rìndínlógójì túmọ̀ sí owó ibodè mẹ́rìndínlógójì, àwa tí a sì mọ ìjọba ìpínlẹ̀ mọ bí wọ́n ṣe ń gba owó ibodè.

Ṣùgbọ́n fífúnni ní ìwé-àṣẹ yàtọ̀ sí bíbéèrè rẹ̀. Òfin kò sọ pé ọba kò gbọdọ̀ béèrè. Ta ni ó ni ọjà? Ìyálọ́jà ń gba ìṣákọ́lẹ̀, bàbálọ́jà ń pín ìsọ̀, olórí gáréèjì sì mọ gbogbo ẹni tí ń dúró níbẹ̀ láti òwúrọ̀ títí di alẹ́. Ẹni tí ń ta àgbo kò lè gbé àgbo rẹ̀ kalẹ̀ láì gba àyè. Kí ló dé tí ẹni tí ń ta ìlérí fi ń rí àyè? Ohun tí mo ń bẹ̀ ẹ̀yin ọba àti ìjòyè fún kò ju èyí lọ: kí ẹ pàṣẹ pé ẹnikẹ́ni tí ó bá fẹ́ gba owó ìdójútòfò nínú ọjà tàbí nínú gáréèjì ìlú yín kọ́kọ́ gbé ìwé-àṣẹ rẹ̀ wá sí ààfin, kí akọ̀wé ààfin fi í wé orúkọ tí àjọ náà ń gbé jáde, kí a sì lẹ orúkọ àwọn tí ó bá yege mọ́ ara ògiri ibi tí gbogbo ènìyàn lè rí i. Kò ní ná wa ju owó pépà lọ.

Kí a sì kọ ọ́ ní èdè Yorùbá. Mo mọ̀ pé àwọn ọ̀rẹ́ mi kan yóò rẹ́rìn-ín pé ọmọ ẹgbẹ́ wa tún ti dé ibi orin àtijọ́. Ẹ jẹ́ kí wọ́n rẹ́rìn-ín. Ìwé àdéhùn tí ìyá aláṣọ fọwọ́ sí, èdè Gẹ̀ẹ́sì ni a fi kọ ọ́, àní Gẹ̀ẹ́sì tí amòfin nìkan lè tú. Ibẹ̀ ni a kọ ọ́ sí pé bí iná bá sọ láti inú irú nǹkan báyìí, ilé-iṣẹ́ kò ní san; ibẹ̀ ni a kọ iye ọjọ́ tí ó gbọ́dọ̀ fi sọ fún wọn sí. Ó fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́, ó lọ sílé. Nígbà tí òfò dé tí wọ́n sì fi ojú ìwé kẹrin hàn án, ó sọ fún gbogbo ará ọjà pé olè ni gbogbo adójútòfò, bẹ́ẹ̀ ni àwọn ogún mìíràn tí ìbá ràá sì padà lẹ́yìn wọn. Adójútòfò fúnra wọn ni wọ́n ń pàdánù.

Ìkọ́lé náà wà níbẹ̀. Òfin 2003 sọ pé ẹni tí ó bá ń kọ́ ilé tí ó ju àjà méjì lọ gbọ́dọ̀ ra ìdójútòfò fún àwọn tí ilé náà lè wó lù. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kọkànlá ọdún 2021, ilé alájà mọ́kànlélógún wó ní Ìkòyí, ó sì pa ènìyàn tí ó ju ogójì lọ, púpọ̀ nínú wọn jẹ́ òṣìṣẹ́ tí a gbà lójúmọ́. Ẹ̀yin tí ẹ ń ta ilẹ̀, tí ẹ sì ń fọwọ́ sí ìwé ilẹ̀, nígbà wo ni ẹ béèrè irú ìwé bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tí ń gbé àjà kẹta lé èkejì?

Ó ku ohun kan tí ó ń jẹ mí lọ́kàn. A kò gbọdọ̀ jẹ́ olùrà nìkan títí ayé. Ìlànà tí NAICOM gbé jáde ní 2018 fún ìdójútòfò kéékèèké dá ìwé-àṣẹ sí ọ̀nà mẹ́ta: ti àdúgbò kan pẹ̀lú owó ìpìlẹ̀ náírà mílíọ̀nù 40, ti ìpínlẹ̀ kan pẹ̀lú mílíọ̀nù 100, ti gbogbo orílẹ̀-èdè pẹ̀lú mílíọ̀nù 600. Ẹni tí ó bá fẹ́ gbé e ní láti kọ́kọ́ béèrè iye tí òfin titun ń fẹ́. Àwọn Mùsùlùmí tí èlé ń kọ lóminú náà ní ọ̀nà tiwọn láti 2013, èyí tí à ń pè ní takaful. Mílíọ̀nù 40 kì í ṣe owó kékeré, ṣùgbọ́n mo ti rí ìlú tí ó ná jù bẹ́ẹ̀ lọ lórí ọjọ́ ìlú kan ṣoṣo, ankara, ìlù àti agboòrùn aláràbarà. Ẹgbẹ́ aláṣọ, ẹgbẹ́ àwọn awakọ̀, ẹgbẹ́ àwọn ọmọ ìlú tí ó wà ní Èkó àti ní Lọ́ńdọ̀nù, bí wọ́n bá pa owó wọn pọ̀, wọ́n lè gba ìwé-àṣẹ ní orúkọ ara wọn. Èsúsú yóò sì ní agboolé àti ìwé papọ̀.

Ní tèmi, mo ti bẹ̀rẹ̀ sí túmọ̀ ìwé ìdójútòfò ọkọ̀ ti ẹnìkẹta sí Yorùbá, bákan náà ni ìlànà bí a ti í dá ìwé-àṣẹ tòótọ́ mọ̀. Mo ti dé ìdajì. Ọ̀rọ̀ kan ni ó dá mi dúró. Mo pe ẹni tí ń wá ilé-iṣẹ́ fún olùrà ní alárinà, ṣùgbọ́n akọ̀wé ẹgbẹ́ wa ní alágbàtà ni ó yẹ. Èmi rò pé alágbàtà ń wá èrè lórí ọjà tí kì í ṣe tirẹ̀, alárinà sì ń ṣe onídùúró fún ìhà méjèèjì bí ó ti í rí nínú ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó. Kí àwọn tí ó bá mọ ọ̀rọ̀ tí ó sàn jù bẹ́ẹ̀ lọ kọ̀wé sí olóòtú kí ìpàdé oṣù tí ń bọ̀ tó dé, nítorí pé ibẹ̀ ni n óò ti gbé ìwé náà kalẹ̀ fún àyẹ̀wò, kí a tó fi ẹ̀dà kan ránṣẹ́ sí ààfin kọ̀ọ̀kan.